Mo Gbé Oyún Mi Ru Ìyàwó Ọmọ Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ má pa á mọ́ra. Àwọn ará àdúgbò mi ti rín tiwọn, ọkọ mi ti rín, ọmọ mi tó wà ní Moscow náà ti rín. Ṣùgbọ́n ibì kan ń bọ̀ nínú ìtàn yìí tí ẹ ó ti fẹ́ ṣépè fún mi. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ mú sùúrù, nítorí mo ti ṣẹ́ ẹ fún ara mi ṣáájú yín.

Zuurakan ni orúkọ mi. Abẹ́ òkè ni abúlé wa wà, ní apá Naryn. Èmi ni mo ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ iléèwé, ọkọ mi Sapar sì ń sin ẹṣin. Nurdin nìkan ni Ọlọ́run fún wa. Ó gbé Begimai níyàwó, kò sì pẹ́ rárá, nígbà tí koríko ṣì wà lórí òkè, ó wọkọ̀ lọ sí Moscow lọ ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́. Begimai kù sílé pẹ̀lú wa.

Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Òun ló ń jí dáná, òun ló ń pọn omi, òun ló ń dúró lẹ́sẹ̀ bu tíì fún gbogbo àlejò títí wọ́n á fi lọ. Ìyàwó ilé lọ́dọ̀ wa kì í já ìyá ọkọ rẹ̀ nírọ́ lójú èèyàn, ohun yòówù kí ìyẹn sọ. Begimai mọ ìyẹn ju gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Èmi ńkọ́? Ẹlẹ́nu ni mí. Kò sí àlejò tó wọlé wa tí mi ò ní fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ lójú rẹ̀.

"Begimai, ìgbà wo ni n óò gbọ́mọ jó nínú ilé yìí?"

"Màmá, ọkọ mi ò sí nílé."

"Ṣé ẹ kì í sọ̀rọ̀ lórí fóònù ni?"

Bí ẹni pé orí fóònù ni wọ́n ti ń lóyún. Àwọn àlejò á bú sẹ́rìn-ín, Begimai á tẹrí ba, á bu tíì sí ife ẹlòmíràn. Èmi á sì máa wò yíká bí ẹni tó ṣe nǹkan gidi.

Nígbà tó di ìgbà òtútù, nǹkan oṣù mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Lóṣù yìí á wá, lóṣù tó ń bọ̀ kò ní wá. Nígbà tó yá, ó dá pátápátá. Inú mi dùn. Mo lọ bá Toktokan, aládùúgbò mi, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, ẹni kan ṣoṣo lábúlé wa tí ẹnu rẹ̀ tóbi ju tèmi lọ.

"Èmi ti fẹ̀yìn tì o," mo sọ fún un.

"Ìyá Nurdin, o ti darúgbó nìyẹn!"

"Jẹ́ kí n darúgbó. Mo ti sinmi ìyọnu."

Mo wá gbà pé ilẹ̀kùn ti tì. Òtútù sì mú gan-an lọ́dún náà. Ọkọ mi ń ráhùn pé ẹsẹ̀ òun tutù, pé ẹ̀yìn òun tutù. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ìyàwó rí, ẹ mọ ibi tí irú ìráhùn bẹ́ẹ̀ máa ń já sí.

Kò pẹ́, ọbẹ̀ tí mò ń sè nílé ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í rùn sí mi. Ọbẹ̀ tí mo ti ń sè láti ọdún gbọọrọ! Mo ní kábéèjì ló bàjẹ́. Mo pààrọ̀ kábéèjì, mo tún bì. Ohun kan ṣoṣo tó ń bá mi lára mu ni kurut, wàrà kíkan tí a ń ká róbótó tí a sì ń sá gbẹ títí á fi le. Láti òwúrọ̀ dalẹ́, kurut ò kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́ mi. Mo sọ fún ara mi pé inú rírun ni, mo wọ takisí lọ sí ilé ìwòsàn ní ìlú.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kan tó ń jẹ́ Anarkul ló yẹ̀ mí wò. Mo tó o bí. Ó wẹ ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó, ó ní:

"Mà, ẹ lóyún."

Mo wẹ̀yìn. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

"Ta ni?"

"Ẹ̀yin, mà."

"Ọmọ mi, èmi ti fẹ̀yìn tì."

"Ó jọ pé wọ́n ti pè yín padà sẹ́nu iṣẹ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ẹkún, mi ò mọ ìgbà tó yí padà. "Mo níyàwó ọmọ nílé! Òun ló yẹ kó lóyún! Kí ni wọ́n máa ní mo ń wá?"

Lọ́dọ̀ wa, obìnrin tó bá ti mú ìyàwó wọlé fún ọmọ rẹ̀ ti fi ibùsùn ọmọdé sílẹ̀ fún ìyàwó náà nìyẹn. Bí ikùn ìyá ọkọ bá wá yọ, wọ́n á ní ojú ò tì í. Èmi gan-an ti sọ bẹ́ẹ̀ rí nípa ẹlòmíràn, mo sì sọ ọ́ sókè dáadáa.

Anarkul ti ilẹ̀kùn. Ó dúró títí ẹkún mi fi rọlẹ̀.

"Ẹ gbọ́ mi, mà. Tí ẹ bá fẹ́ bí i, a ó máa tọ́jú yín. Ẹ̀jẹ̀ yín ń ru díẹ̀, ọjọ́ orí yín sì gba kí á máa ṣọ́ yín dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń bí i láyọ̀. Tí ẹ ò bá fẹ́ ẹ, àyè ṣì wà, dókítà ló máa ṣe é ní ilé ìwòsàn ńlá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún yín ní àgbo mu. Tí ẹ bá sì bí i tí ẹ ò lè tọ́ ọ, ìjọba ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá òbí. Obìnrin kan wà níbí tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó jókòó tì yín, kó gbọ́ tẹnu yín. Kò ní tì yín síbì kankan."

"Ó dáa."

"Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín. Ẹ má dá a gbé. Ẹ wá ẹnì kan nílé tí ẹ fọkàn tán, kí ẹ sọ fún un."

Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀rín Toktokan nìkan ló ń dún létí mi.

Ó kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ àti oògùn aboyún fún mi, mo gba kẹ́míìsì lọ. Bí obìnrin ibẹ̀ ṣe na oògùn sí mi báyìí, ẹnì kan fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Ìyá Nurdin! Kí lo wá ṣe ní ìlú?"

Toktokan ni. Ó wá ra oògùn ẹsẹ̀. Kí n tó sọ pé kí ni, ó ti gba páálí náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ya àwòrán obìnrin tó di ikùn rẹ̀ mú sí i lára, ọwọ́ méjèèjì.

"Oògùn aboyún kẹ̀? Ta ló lóyún?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo lè sọ pé wọ́n ṣèèṣì gbé e fún mi ni. Mo lè sọ pé nọ́ọ̀sì kan ló rán mi. Mo tiẹ̀ lè sọ pé kó má tojú bọ ọ̀rọ̀ mi. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ti ṣí kí orí mi tó débẹ̀.

"Ti Begimai ni."

"Wọ̀láhì?"

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni o."

Ẹni tó bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún Toktokan, ó ti fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde rẹ̀ nìyẹn. Mo mọ̀. Inú mi tiẹ̀ dùn nínú takisí. Mo rò pé mo gbọ́n: oògùn á wà nílé, èébì á ní ẹni tí wọ́n máa fi sí lọ́rùn, èmi á sì ráyè ronú. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé ọkọ Begimai ò sí nílé. Èmi tí mo bí ọkọ náà! Mo gbàgbé ibi tí ọmọ mi wà nítorí kí n lè rí irọ́ pa.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn obìnrin àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Lọ́dọ̀ wa, ohun tó bá wu aboyún jẹ, ẹ̀tọ́ ni kí wọ́n wá a fún un. Ẹni kan gbé ẹran ẹṣin tí wọ́n fi èéfín yan wá. Ẹni kan gbé jáàmù wá. Toktokan gbé àpò kurut wá, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é. Begimai tẹrí ba, ó gba gbogbo rẹ̀, ojú rẹ̀ kún fún ìbéèrè, ṣùgbọ́n kò bi wọ́n.

Begimai gbà á, èmi jẹ ẹ́. Bí a ṣe pín iṣẹ́ náà nìyẹn.

Ó wá bá mi níbi ààrò. "Màmá, kí ló dé tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ wá fún mi?"

"Wọ́n fẹ́ràn rẹ ni."

"Ikùn mi ni wọ́n ń wò."

"Ṣé wọn ò lè wò ẹ́ ni? Ọmọ tó rẹwà ni ẹ́."

Kurut wà lẹ́rẹ̀kẹ́ mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Begimai wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ kí n gbé garawa omi mọ́, kò sì jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ da eérú. Mo ń yin ara mi pé mo kọ́ ọmọ yìí dáadáa.

Nígbà tó ṣe, oúnjẹ dáwọ́ dúró. Ẹnikẹ́ni ò gbé abọ́ wá mọ́. Bí Begimai bá lọ pọn omi, àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ á dákẹ́ títí á fi pọn tirẹ̀ tán. Toktokan wá sílé mi, ó jókòó sí etí àga.

"Ìyá Nurdin, ìgbà wo ni Nurdin wálé kẹ́yìn?"

Ibẹ̀ ló ti wá yé mi, ẹ̀yin èèyàn mi. Ibẹ̀ gan-an.

"Kí ló dé?"

"Kò sí o. Mo kàn ń ṣírò ni."

Ó lọ. Mo jókòó síbẹ̀. Mo ti gbé oyún mi ru ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n sì ti ń wá bàbá fún un.

Nurdin pè. Ohùn rẹ̀ ò dún bí tẹ́lẹ̀. "Màmá, ẹnì kan láti abúlé sọ fún mi níbi iṣẹ́ pé ìyàwó mi lóyún. Ṣé lóòótọ́ ni?"

Ó rọrùn. Kí n ní, "Rárá, ìyá rẹ ni." Gbólóhùn kékeré.

"Hẹ́lò?" ni mo ní. "Nurdin? Mi ò gbọ́ ẹ o!"

"Màmá, mo ní ṣé lóòótọ́—"

"Nẹ́tíwọ̀kì ò dáa! Máa jẹun o, ọmọ mi!"

Mo pa fóònù. Mo gbọ́ gbogbo ohun tó sọ ketekete. Kò pe ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò pè é lọ́jọ́ kejì. Begimai ń gbé fóònù rẹ̀ kiri nínú àpò ápúrọ́ọ̀nù, á yọ ọ́ wò, á tún fi pa mọ́.

Lẹ́yìn náà ni Sapar wọlé. Wọ́n ti sọ ọ́ fún un níbi tí wọ́n ti ń lọ ọkà. Kò bọ́ bàtà, èèyàn tó máa ń bú gbogbo wa tí a bá fi bàtà tẹ kápẹ́ẹ̀tì.

"Lọ́la ni n óò mú ọmọ yẹn padà sí ilé bàbá rẹ̀. Kí Nurdin fúnra rẹ̀ wá yanjú ọ̀rọ̀ rẹ̀."

"Bàbá Nurdin, ẹ ṣe sùúrù."

"Sùúrù kí ni? Ẹnì kan lóyún nínú ilé yìí, kì í ṣe ti ọmọ mi. Àbí ìwọ lo lóyún ni?"

Ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi gbayawu. Kí n kàn gbẹ́sẹ̀ wọ ibẹ̀ ni.

"Ẹ jẹ́ ká jẹun ná," ni mo ní.

Ẹ lè ṣépè yẹn báyìí. Ibi tí mo sọ fún yín la dé yìí.

Ọjọ́ kejì ló kàn mí láti gbàlejò àwọn obìnrin àdúgbò. Sherine ni à ń pe àjọjẹ náà, ó ń yí kiri láti ilé dé ilé. Mo wọ ibi ààrò, mo bá Begimai níbi tó ti ń dín boorsok, ìyẹ̀fun tí a pò tí a gé wẹ́wẹ́, fún wọn nínú òróró gbígbóná. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Màmá, Bàbá ní kí n palẹ̀ ẹrù mi mọ́."

"Inú wọn á rọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn."

"Màmá, mo mọ̀."

"O mọ kí ni?"

Ó wo ikùn mi, ó padà sídìí òróró rẹ̀. "Mi ò ní sọ ọ́. Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní mò ń parọ́ mọ́ ìyá ọkọ mi kí n lè yọ. Ẹ̀yin lẹ lẹ́nu, Màmá. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ fi sọ ọ́."

Ojú tì mí dé ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀. Mo la ẹnu. Ibẹ̀ ni àwọn àlejò kan ilẹ̀kùn, inú mi sì dùn pé wọ́n kàn án. Irú èèyàn tí mo jẹ́ nìyẹn.

Wọ́n jókòó yí oúnjẹ ká. Begimai dúró lápá ẹnu ọ̀nà, ó ń bu tíì, ó ń gbé ife, ó ń gba ife. Nígbà tó na ife sí Toktokan, ìyẹn ò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Gbé e sílẹ̀."

Ó gbé e sílẹ̀. Láti ojú fèrèsé, mò ń rí ọkọ mi níta, ó ń di gàárì mọ́ ẹṣin, àpò Begimai wà lára ọgbà. Abọ́ kurut wà níwájú mi. Ẹ̀rù ń bà mí, tí ẹ̀rù bá sì ń bà mí, mo máa ń jẹun. Mo ti fẹ́ jẹ ẹ́ tán kí n tó mọ̀.

"Ìyá Nurdin," ni Toktokan ní, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin, "fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú kurut yẹn. Jẹ́ ká dì í fún aboyún kó rí nǹkan jẹ lọ́nà. A ò kúkú mọ bàbá ọmọ náà, a ò mọ̀ bóyá ó lówó tí á fi bọ́ ọ."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín sábẹ́ ìbòrí. Tíì gbígbóná tí Begimai ń bù dà sí i níka. Kò ké. Ó ki ọwọ́ náà sínú ápúrọ́ọ̀nù, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ pẹ̀lú ọwọ́ kejì.

Toktokan na ọwọ́, ó di etí abọ́ náà mú. Èmi náà dì í mú. Ó fà á, mo fà á.

"Fi sílẹ̀, Ìyá Nurdin. Aboyún ló ni ín."

"Aboyún ló mú un lọ́wọ́."

"Hẹ́n?"

"Mo ní aboyún ló mú un lọ́wọ́! Èmi ni! Èmi ni mo lóyún. Èmi ni mo ni oògùn tí o rí. Gbogbo oúnjẹ tí ẹ gbé wá, èmi ni mo jẹ ẹ́. Ọmọ yìí ò mọ nǹkan kan. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn, nítorí ojú ń tì mí!"

Toktokan ló kọ́kọ́ rí ohùn.

"Kurut tèmi ńkọ́?"

"Tìrẹ ni mo kọ́kọ́ jẹ."

Sapar ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ìjánu ẹṣin wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí lo sọ?"

"Mo lóyún."

Ó wo àwọn obìnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wò mí. "Ti ta ni?"

"Ti ta ni, ti ta ni! Bàbá Nurdin, ta ló ń ráhùn pé ẹsẹ̀ òun tutù?"

Ẹ̀rín tó bẹ́ nínú ilé yẹn! Obìnrin kan da tíì sára. Ọ̀kan yí lulẹ̀. Toktokan ń fọwọ́ lu itan, ó ń ké pé, "Ó ní òun ti fẹ̀yìn tì!" Ojú Sapar pọ́n bí ata, ó yí padà, ó lọ tú gàárì lára ẹṣin. Èmi náà fẹ́ rín, àyà mi ti fúyẹ́.

Mo wá rí Begimai. Òun nìkan ni kò rín. Ó dúró síbi tó ti wà láti àárọ̀, ìkòkò tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìka rẹ̀ ti pọ́n.

Mo ti rò pé bí mo bá ti sọ ọ́, ó ti tán. Kò tán. Mo dìde, mo lọ síwájú rẹ̀, mo tẹrí ba fún un bí ìyàwó tuntun ṣe ń tẹrí ba fún àwọn àgbà ilé ọkọ. Àwọn obìnrin náà ní "Háà!" nítorí wọn ò rí irú rẹ̀ rí.

"Begimai, mo bà ọ́ lórúkọ jẹ́. Má bínú sí mi."

"Ẹ pe Nurdin," ló ní.

Mo pè é lójú gbogbo wọn. "Nurdin, ìyàwó rẹ ò lóyún. Ìyá rẹ ló lóyún. Èmi ni mo parọ́."

"Màmá, mi ò gbọ́ yín dáadáa."

"O gbọ́ mi!"

Begimai gba fóònù náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e lọ sẹ́yìn ilé. Mi ò mọ ohun tí wọ́n sọ. Toktokan sún mọ́ fèrèsé, mo fi aṣọ rẹ̀ fà á padà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí Nurdin wálé, Begimai bu tíì fún un fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ láìbá a sọ̀rọ̀, Nurdin sì bẹ̀ ẹ́ títí ohùn rẹ̀ fi há.

Lálẹ́ ọjọ́ sherine yẹn, Begimai ní, "Lọ́la, a jọ ń lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ẹsẹ̀ yín ti ń wú."

A lọ. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Anarkul yọjú, ó kí mi, ó sì rí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Begimai, ara ńkọ́?"

"Ó ti le, ẹ ṣé."

"Níbo lẹ ti mọra?" ni mo bi wọ́n.

Anarkul wo Begimai, ó wọlé lọ. Begimai ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Màmá, nígbà tí Nurdin lọ, mo ti lóyún. Èmi náà ò mọ̀. Ìgbà tí mo fi mọ̀, ó ti ń bàjẹ́ mọ́ mi lára. Mo sọ fún yín pé mò ń lọ ra òwú ní ìlú. Orí bẹ́ǹṣì yìí ni mo jókòó sí."

Mo rántí ọjọ́ náà. Ojú rẹ̀ funfun nígbà tó dé. Àlejò wà nílé, mo sì ní kí wọ́n wo ìyàwó mi tó ń fi ẹsẹ̀ rin ọjà nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbọ́mọ jó. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó tẹrí ba, ó bu tíì fún wa.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Màmá, ta ni ẹ ò ní sọ ọ́ fún?"

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ì bá sàn kó bínú. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, èyí tí tíì jó, mo sì sunkún lórí bẹ́ǹṣì náà láìwo ẹni tó ń kọjá.

Obìnrin tí Anarkul sọ nípa rẹ̀ jókòó tì mí lọ́jọ́ náà. Ó bi mí ní ohun tí mi ò tíì bi ara mi: kí ni ẹ̀yin fẹ́? Kò bi mí ní ohun tí àdúgbò fẹ́. Mo ronú, mo lọ sílé, mo bá ọkọ mi sọ̀rọ̀, mo padà wá. Mo ní mo fẹ́ ọmọ náà. Tèmi nìyẹn. Ẹlòmíràn lè jókòó sórí àga yẹn kó sọ ohun tó yàtọ̀, ẹnu mi ò sì gbọ́dọ̀ dé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ mi títí mo fi bí Symbat, ọmọbìnrin. Begimai ló wà pẹ̀lú mi ní ilé ìwòsàn. Sapar wà níta, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá pé òtútù ló fà á.

Ẹ̀yin tí oyún tí ẹ ò retí bá dé bá, ẹ wá ẹni tí ẹ ó sọ fún, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹlẹ́nu bíi tèmi ni mo torí yín kọ ìwé yìí. Ẹ wo inú ilé yín. Bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń bu tíì fún yín, tí kò ní ẹni tó máa sọ fún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Begimai pè mí sídìí ààrò. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sọ nǹkan kan sí mi létí. Toktokan wà níta, ó ń jẹ boorsok, ó rí wa, kò sì lè mú un mọ́ra.

"Ìyá Nurdin, kí ló sọ fún ẹ?"

"Jẹ boorsok rẹ," ni mo ní.

Ẹ̀yin náà, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Mi ò ní sọ.